Ẹ̀rín Kàmọ́rù Tí Ẹ Pè Ní Ìkérora

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìsàlẹ̀ Èkó, orí eékún méjèèjì ni mo wà, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, olórí ẹbí tí ẹnikẹ́ni kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé, pàápàá àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà tí wọ́n káwọ́ gbera. Mo kí Àkànní, ọmọ Kàmọ́rù àbúrò mi, tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí ẹní, tó sì ń béèrè ìyá rẹ̀ títí oorun fi ń gbé e lọ.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Ẹ ò mọ ìwé kà, Bàbá Àgbà ló sì ń ka lẹ́tà mi fún yín. Ìyá Sàfú, ará ilé wa tó máa ń wá ra léèsì ní Ọjà Balógun, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ibi tó wù wọ́n ni wọ́n ń kà. Lẹ́tà tí mo kọ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí mo fi bẹ̀ yín pé kí ẹ fi Àkànní ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ohun tí ẹ gbọ́ nínú rẹ̀ kò ju pé ara mi yá àti pé mo kí ilé kí ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé èyí fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ẹni tó bá rà á ládùúgbò yóò kà á fún yín, ẹlòmíràn yóò tún un kà, wọn ò sì ní fo ìlà kan. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ ti ṣe ohun tí ẹ ṣe. Ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀ bí ẹ bá ń gbọ́ ọ.

Èmi wà láàyè. Òjò ọdún yìí kò fún wa ní ìsinmi. Bó bá rọ̀ láàárọ̀, gọ́tà á kún, omi á gun àtẹ̀gùn ilé tí mo ń gbé ní Ẹnu Òwá, aṣọ kò ní gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ wọlé, irin ń dípẹtà, kásẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn kò bá sì tọ́jú á bu bíi búrẹ́dì. Yàrá kan náà ni mo ṣì wà, láàárín àwọn onílé tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá bàbá wọn. Wọ́n ṣe mí dáadáa, wọ́n ń pè mí wá jẹ sààrì nígbà ààwẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni mí láàárín wọn. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń fẹ́ kí ẹnì kan ki oríkì mi, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbí. Ẹ̀yin ni mo máa ń rántí. Mo fẹ́ràn yín, Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ kò sì ní dáwọ́ dúró, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú tó ń bí mi kò kan oúnjẹ yín.

Ẹ máa ń sọ fáwọn ènìyàn pé fídíò ni mo ń tà. N ò ta fídíò. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá mi wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, kò jìnnà sí ibi tí mo ń gbé. Ọmọ Àgùdà ni Ọ̀gá mi, Kristẹni, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn tó ní ẹbí lókè òkun ló máa ń wá bá wa, nítorí fídíò tí wọ́n ká ní Améríkà kì í fẹ́ ṣe dáadáa nínú ẹ̀rọ tiwa. Tiwọn là ń pè ní NTSC, tiwa ni PAL. Bí wọ́n ṣe ń to àwòrán sórí téèpù yàtọ̀ sí bí a ṣe ń tò ó, téèpù tiwọn sì máa ń yára ju tiwa lọ nínú ẹ̀rọ. Bí ènìyàn bá ti tiwọn bọ inú ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ yín, àwọ̀ á pòórá, gbogbo nǹkan á di funfun àti dúdú, àwòrán á máa yí láti òkè sísàlẹ̀. Ohùn ló burú jù. Ẹ̀rọ tiwa á máa wọ́ téèpù náà lọ́ra, ohùn á sì wúwo, á máa fà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ohùn ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan mu.

Iṣẹ́ mi ni kí n gbé e láti orí ti Améríkà sórí tiwa, kí ó má sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀nà ẹ̀tàn kan wà tí àwọn kan ń lò lọ́hùn-ún ní Adéníji Adélé: wọ́n á tan fídíò náà sórí tẹlifíṣọ̀n Améríkà, wọ́n á gbé kámẹ́rà síwájú tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún, wọ́n á sì ká a bẹ́ẹ̀. Àwòrán á jáde, ṣùgbọ́n á dà bí ẹni pé inú àpò ẹ̀fọn ni ènìyàn ti ń wò ó. Tiwa kọ́ nìyẹn. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ tó ń yí i padà láìsí kámẹ́rà láàárín. Màá fi spírítì àti aṣọ fẹ́lẹ́ nu orí ẹ̀rọ, màá jẹ́ kí téèpù náà lọ síwájú kó padà sẹ́yìn kó lè nà, màá dúró de iná tí kì í ṣẹ́jú. Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gan-an ni mò ń lò, n kì í ṣe ẹ̀dà láti inú ẹ̀dà, nítorí gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ṣe ẹ̀dà ni nǹkan kan ń kú nínú àwòrán. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ọ̀gá mi sọ fún mi pé ohun tó bá wọlé ni kó jáde, pé èyí tí kò bá dùn mọ́ oníbàárà nínú, kò kàn wá. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú, Màmá. Ẹ máa rántí rẹ̀ bí ẹ bá ń gbọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kásẹ́ẹ̀tì Kàmọ́rù. Èmi kò sí nílé nígbà tí ará ìlú wa kan mú un dé láti Améríkà kí Ìléyá tó dé, ṣùgbọ́n Rábì ìyàwó Kàmọ́rù sọ ọ́ fún mi, Ìyá Sàfú tó jókòó tì yín lọ́jọ́ náà sì sọ ọ́ bákan náà. Ó ti pẹ́ tí Kàmọ́rù ti kọ ìwé kẹ́yìn. Ẹ wọ aṣọ tó dára, gbogbo agboolé tẹ̀ lé yín lọ sílé Bàbá Onímọ́tò, ẹnì kan ṣoṣo tó ní fídíò ládùúgbò. Wọ́n ní àga iwájú ni ẹ jókòó sí, tí Àkànní wà lẹ́sẹ̀ yín, tí Rábì jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn bí ìyàwó ilé. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ọmọ yín jáde, ojú rẹ̀ rí bí eérú, ó ń yí lọ sókè, ó ń yí wálẹ̀, orí rẹ̀ ń já kúrò lọ́rùn. Ó ń sọ̀rọ̀ lóhùn ràkọ̀ràkọ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yá, ó da orí sẹ́yìn ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní ṣé gbogbo wa rí i, pé orí ọmọ náà ti dàrú, pé wọ́n ti fi ọwọ́ búburú kàn án láti ilé. Wọ́n ní kò sí bí ọmọ tó ń kọ̀wé lóṣooṣù ṣe máa dákẹ́ lójijì kó sì jáde báyìí, àfi bí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ tó sì mọ ibi tí aṣọ rẹ̀ wà bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Wọn ò dárúkọ. Wọ́n kàn yíjú sẹ́yìn wo Rábì, gbogbo ilé sì yíjú pẹ̀lú wọn.

Màmá, ẹ̀yin ni ìyàwó yẹn ń gún iyán fún. Ẹ̀yin ló ń fi omi gbígbóná jó lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn yín tí ẹ ò lè dìde kírun. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sọ pé ẹ̀rù bà yín, mo gbà. Bí ẹ bá sọ pé ẹ sunkún, mo gbà, mo mọ bí ẹ ṣe fẹ́ràn Kàmọ́rù tó. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ padà dé ilé, tí Rábì di ẹsẹ̀ yín mú tó ń bẹ̀ yín pé òun kò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ na ọwọ́ fa àpótí tí ẹ fi ń jókòó dáná, ẹ̀yin lẹ sì jù ú lù ú. Igun àpótí náà la ìpéǹpéjú rẹ̀ òsì dé etí. Wọ́n já Àkànní gbà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti ẹrù rẹ̀ síta, Bàbá Àgbà sì ju kásẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀ lé e, pé kó kó ohun ibi rẹ̀ lọ.

Ó kó o lọ lóòótọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi ní Ẹnu Òwá, ó fi ọ̀já tó fi ń pọn Àkànní di kásẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìborùn rẹ̀. Mo rò pé yóò bú yín fún mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú yín. Ohun tó bi mí ni pé ṣé ènìyàn lè ṣe ẹlòmíràn níbi láìmọ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti ń rò ó, pé bóyá òun ti ronú burúkú kan sí Kàmọ́rù lọ́jọ́ tí inú bí òun. Ibi tí ẹ bá a dé nìyẹn, Màmá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú yín.

Mo gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí orúkọ ìlú Améríkà lára rẹ̀, ọkàn mi sì ti sọ fún mi pé NTSC ni. Mo mú Rábì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo nu orí ẹ̀rọ, mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ Améríkà, mo ní kó jókòó.

Súwẹ́tà pupa ni Kàmọ́rù wọ̀. Ẹ gbọ́, pupa ni, kì í ṣe eérú. Inú ilé ìdáná kan ni, yìnyín funfun wà lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀, ó ti sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ohùn rẹ̀ ni, ohùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn tí ẹ máa ń ní kó rọra sọ̀rọ̀. Ó kí yín títí. Ó ki Bàbá Àgbà ní oríkì, ó ní kí wọ́n máa fi àdúà ran òun lọ́wọ́. Ó tọrọ àforíjì pé òun kò kọ̀wé, ó ní ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìgbélùú ló gba òun lọ́kàn, pé ó ti bọ́ sí i báyìí, pé kí ọyẹ́ tó mú lọ́dọ̀ yín òun yóò wá kó Rábì àti Àkànní. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Rábì. Ó ní òun mọ bó ṣe le tó kí ọmọdé obìnrin máa gbé inú agboolé láìsí ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí yín. Ó ní Màmá, ẹ bá mi fi ojú ọmọ tí ẹ bí wò ó.

Ó wá ń sín yín jẹ. Ó fi àga kékeré kan ṣe àpótí yín, ó jókòó lé e bí ẹ ṣe ń jókòó sídìí ààrò, ó ń lé ewúrẹ́ tí kò sí níbẹ̀, ó ń pe orúkọ ewúrẹ́ àti orúkọ tiwa pọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rín gbé e. Ó da orí sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Ibi yẹn ló dé lọ́dọ̀ yín tí Bàbá Àgbà fi dìde. Ohun tí ẹ gbọ́ pé ó ń kérora nìyẹn. Ọmọ yín ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ó fẹ́ràn yín, ẹ sì fi àpótí kan náà fọ́ ojú ìyàwó rẹ̀.

Rábì ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Ó wò ó, ó tún wò ó, títí mo fi sọ fún un pé téèpù ń gbó bí a ṣe ń tàn án. Mo ṣe ẹ̀dà kan fún un láti máa wò ní tirẹ̀. Bí oníbàárà kò bá sí, á tan ibi ẹ̀rín yẹn, á sì máa rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú tó wú. N kì í lè dúró nínú yàrá náà.

Mo rán Ìyá Sàfú sí yín kó sọ gbogbo rẹ̀ fún yín lẹ́nu, ó sì sọ ọ́. Mo retí pé ẹ máa gbé Àkànní, ẹ máa wọ ọkọ̀ wá. Èsì tí Ìyá Sàfú mú bọ̀ ni pé ẹ yọ̀ púpọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé kí n ṣe fídíò náà kó mọ́ ketekete kí gbogbo agboolé lè wá wò ó. Ẹ ní ṣùgbọ́n kí n bá yín gé ibi tí Kàmọ́rù ti ń bá Rábì sọ̀rọ̀. Ẹ ní bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ ọ, níbo ni Bàbá Àgbà yóò gbé ojú sí. Ẹ ní ibi ẹ̀rín lè wà níbẹ̀. Ẹ tún ní kí n sọ fún Rábì pé omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Mo lè gé e, Màmá. Iṣẹ́ tí kò le ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. N ò ní gé e. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ Ìyá Sàfú báyìí pé pérépéré, láti ìkíni dé ìdágbére. Mo fi gbogbo agbára iṣẹ́ mi ṣe é. N kò tíì ṣe èyí tó mọ́ tó o rí, súwẹ́tà náà pupa bó ṣe pupa. Ẹ pe gbogbo ènìyàn jọ. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Àgbà jókòó síwájú.

Ohun tó kù ni èmi fúnra mi ṣe, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ní ìparí fídíò yẹn, Kàmọ́rù bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ká ìyàwó òun náà ránṣẹ́ sí òun. Ọ̀gá mi yá mi ní kámẹ́rà. Mo gbé Rábì jókòó sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, ìgbà tí oòrùn ràn díẹ̀. Ó ti fa ìborùn bo ojú òsì. Èmi ni mo ní kó gbé e sókè, pé ọkọ rẹ̀ fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó gbé e sókè. Kò sọ̀rọ̀ yín láìdáa. Ó ní ara yín le, ó ní Àkànní wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ó ń jẹun dáadáa. Ó ní òun wá kí mi ní Èkó ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò wà nítorí pé kò sí ọmọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó wo ohun tí a ká, tó rí àpá náà, ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n má lo ẹ̀rọ Ọ̀gá mi. Ó ní kí n yí i padà bí àwọn ti Adéníji Adélé ṣe ń ṣe é, kí n gbé kámẹ́rà síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí ojú òun lè wà nínú àpò ẹ̀fọn, kí Kàmọ́rù má baà rí i. Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́. Ó ní nítorí yín ni, pé òun kò fẹ́ kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ jà.

N kò gbọ́ tirẹ̀ bí n kò ṣe gbọ́ tiyín. Ẹ̀rọ kan náà tó ń gbé ti Améríkà wá sílé ló ń gbé tiwa lọ. Mo nu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró títí iná fi dúró. Àpá náà hàn láti ìpéǹpéjú dé etí, ibi tí awọ ti ká jọ hàn, ibi tí kò tíì jinná hàn pupa. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí bí ẹ ṣe lè ránṣẹ́ lé e. Kò ní yí lọ́wọ́ Kàmọ́rù, ohùn ìyàwó rẹ̀ kò ní fà. Yóò gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́, yóò sì rí ohun tí kò sọ.

Nítorí náà, àdúà ni mo fi ń kágbá lẹ́tà yìí nílẹ̀. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí Kàmọ́rù bá dé. Ojú yín kò ní ṣú, kí ẹ lè wo ojú rẹ̀. Etí yín kò ní di, kí ẹ lè gbọ́ ohun tó máa bi yín. Ọlọ́run á dá Bàbá Àgbà sí, kí wọ́n lè bá yín dá a lóhùn. Ẹ kí gbogbo ìyàwó ilé, ẹ kí Bàbá Onímọ́tò, ẹ ní mo dúpẹ́ fún ẹ̀rọ rẹ̀.

Bí Ìyá Sàfú bá tún ń bọ̀ wá sí Balógun, ẹ jẹ́ kó mú Àkànní dání. A ti fọ ọ̀já tí ìyá rẹ̀ fi ń pọ̀n ọ́n. Ó ti gbẹ.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mùlíkátù.